Ọkà Pupa Nínú Àgbá

Màmá Hannah jókòó sórí ìkòkò bàbà rẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fọ́ ọ, ìdí òun ni kó kọ́kọ́ fọ́.

Ọlọ́pàá mẹ́ta ló dúró tì í nínú àgbàlá rẹ̀ ní Aládé. Ọ̀kan nínú wọn gbé òòlù ńlá lọ́wọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará ìjọ rẹ̀ ti kóra jọ nínú aṣọ funfun, wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó pa iná ọtí ní Ìdànrè. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kò tíì lù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," Jésùtófínmi ń bẹ̀ ẹ́. Kọ́ńsítébù wa ni, ọmọ Ìdànrè gan-an. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn yín."

"Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin ti fọwọ́ kàn mí gbẹ̀yìn."

Ọlọ́pàá tó gbé òòlù rẹ́rìn-ín kó tó rántí iṣẹ́ tó bá wá.

"Hannah!" Wòlíì ìjọ kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Jọ̀wọ́ ohun búburú yẹn sílẹ̀!"

"Omi tí Jésù sọ di wáìnì ní Kánà ńkọ́, Bàbá Wòlíì? Ṣé ẹ̀yin lẹ bá wọn dà á nù?"

Àwọn ará ìjọ gbé agogo wọn sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi ni Sájẹ́ǹtì Fẹ́yìsayọ̀ Ògúnbọ̀dé, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n rán mi wá láti Àkúrẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ní Sátidé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń ṣe lébìrà lóko kòkó kan ní Atosin ṣí ìgò ọtí kan lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ Sọ́ńdè mọ́, Dúpẹ́olúwa, ẹ̀gbọ́n, ti kú. Olúwatóyọ̀sí, àbúrò, wà ní ọsibítù, ó ń sọ pé ó dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ funfun di òun lójú. Ìgò tí wọ́n bá láàárín wọn, wọ́n fi ọwọ́ kọ ìwé tó wà lára rẹ̀: *Ọtí Hannah. Ọkà.*

Ọ̀gá Ọláfẹ́mi, DPO ibẹ̀, fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Fẹ́yìsayọ̀, aago mẹ́rin. Bó o bá rí nǹkan mìíràn kó tó dìgbà yẹn, wá sọ fún mi. Bí o ò bá rí i, a ó fọ́ gbogbo ohun tó wà níbí, màmá yóò sì tẹ̀ lé mi lọ jẹ́jọ́ ìpànìyàn."

"Ó yé mi, sà."

Mo padà sí ọ̀dọ̀ màmá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo wo ìkòkò tó jókòó lé, mo wo ọ̀pá tó jáde lórí rẹ̀. Bàbá mi ń tún ràdíétọ̀ ọkọ̀ ṣe ní Ìbàdàn kó tó kú. Inú bàbà àti iná ni mo dàgbà sí. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni ojú mi ti wà lára nǹkan yẹn.

"Màmá," mo ní, "báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?"

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló dìde fúnra rẹ̀.

"Láti àná tí ẹ ti ń da ilé mi rú, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi."

*

Ìkòkò náà ti jẹ́ táǹkì omi gbígbóná rí nílé ìtura kan. Màmá rà á níbi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, ó gé e, ó sì tún un jó.

"Kí lẹ fi jó o pọ̀?" mo bi í. Èyí tí bàbá mi fi ń jó ràdíétọ̀, òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Òjé sì ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀.

"Ọ̀pá fàdákà. Èkó ni mo ránṣẹ́ sí. Ṣé o rò pé mo fẹ́ pa ara mi ni? Èmi náà ń mu níbẹ̀."

Mo fi èékánná họ ojú ibi tó ti jó o. Fàdákà ni lóòótọ́. Ó mọ́ ju ti bàbá mi lọ, kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Ọ̀rọ̀ wá ń ti ẹnu màmá jáde bí omi. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ pípọn, ìyókù ló fi orí ara rẹ̀ wá. Hóró yòówù tó bá fẹ́ lò, yóò rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì, yóò bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí yóò fi hù. Nígbà tó bá ń hù ni hóró máa ń sọ ara rẹ̀ di àdídùn, torí ó rò pé òun fẹ́ bọ́ ọmọ. Ìgbà náà ni màmá yóò dá a dúró: yóò sá a, yóò lọ̀ ọ́, yóò pò ó mọ́ omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí ìka lè gbà á mọ́ra. Ìwúkàrà yóò jẹ adùn náà láàárín ọjọ́ márùn-ún.

"Ìyẹn ò tíì ju ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lọ," ó ní. "Wá wo ibi tó ti ń di wisikí. Kí ló ń hó ṣáájú, ọtí àbí omi?"

"Ọtí ni, mà."

"Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ nìyẹn. Ìyókù, sùúrù ni."

Oru yóò gba inú ọ̀pá bàbà. Ọ̀pá náà ká bí ejò nínú àgbá omi tútù, omi yẹn sì ń ṣàn wá láti ara òkè nínú rọ́bà. Bí oru bá ti kan òtútù, yóò di omi padà, yóò máa kán. Mo bi í ìdí tó fi jẹ́ iyẹ̀fun pípò ló fi dí etí ìdérí dípò kó fi irin dè é.

"Bí oru bá pọ̀ jù nínú, nǹkan kan gbọ́dọ̀ já. Mo fẹ́ kó jẹ́ iyẹ̀fun. Iyẹ̀fun ò lè pa mí."

Mo fẹ́ràn obìnrin náà láti ìgbà yẹn. Ìyẹn gan-an ló sì mú kí ohun tó tẹ̀ lé e dùn mí.

Àgbá ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣí aṣọ orí rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pupa bí omi osùn. Lórí pẹpẹ, ìgò mẹ́rìnlá tò sí ọ̀nà mẹ́ta. Lára àwọn kan, *Ìrẹsì*. Lára èyí tó pọ̀ jù, *Bàbà*. Lára ẹyọ kan ṣoṣo, *Ọkà*. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí mo ka *Bàbà*. Mo ní lọ́kàn mi pé obìnrin yìí fẹ́ràn ìkòkò rẹ̀ débi tó fi sọ ọtí lórúkọ rẹ̀.

"Nígbà wo lẹ se ọkà gbẹ̀yìn, Màmá?"

"Ọkà? Á ti tó oṣù mẹ́ta. Ti ọdún tó kọjá ti tán, mo ń retí tuntun."

"Kò sí ọkà kankan nílé báyìí?"

"Ẹ̀kún abọ́ kan tí mo fi pamọ́ fún gbígbìn nìkan ló kù."

Àgbá pupa ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Hóró ọkà bàbà tó lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ ń wò mí lójú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: *Ó ń purọ́.*

*

Jésùtófínmi ló rí gálọ́ọ̀nù yẹ́lò náà lábẹ́ pẹpẹ. Ó gbé e wá, ojú rẹ̀ ń dán.

"Sájẹ́ǹtì! Ẹ gbọ́ òórùn èyí!"

Òórùn rẹ̀ dà bí ohun tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́.

"Èyí tó bá kọ́kọ́ kán ni," màmá ní. "Ife kan péré, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dára ní mímu. Iná ni mo fi ń dá."

"Gálọ́ọ̀nù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, Màmá. Ibo ni ìyókù lọ?"

"Wo ẹnu àdògán mi, kó o rí ibi tó lọ."

Jésùtófínmi ti gbà pé ọ̀rọ̀ parí: màmá, tàbí ẹnì kan nínú ilé rẹ̀, ti ṣèèṣì rọ èyí sínú ìgò títà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n gbé ìgò ti Atosin wá. Ìdajì ló kù nínú rẹ̀. Mo ṣí i, mi ò fi ẹnu kàn án, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò rùn bí ọ̀dà èékánná rárá. Ó ń rùn bí ṣúgà tó jóná.

Mo padà sí orí pẹpẹ, mo mú ìgò *Ọkà* kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, mo gbọ́ òórùn òun náà. Igi. Èéfín. Àwọ̀ àwọn méjèèjì jọra, bí omi tíì, ṣùgbọ́n òórùn wọn ò jọra.

"Màmá, kí ló ń fún ti yín ní àwọ̀?"

"Igi àyín. Mo máa ń yan án lórí iná títí ara rẹ̀ á fi dúdú, màá kó o sínú ìgò ràgàjì pẹ̀lú ọtí, yóò wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bóyá ìrẹsì ni o, bóyá kí ni o, kò sí èyí tí kì í rí igi."

Àyín. Èyí tí wọ́n fi ń rin ẹnu, tó máa ń mú ahọ́n gan. Ohun tó ń mú ahọ́n gan yẹn, bó bá pàdé irin, dúdú ló ń dà. Bàbá mi kò jẹ́ kí a fi abọ́ irin rẹ èèpo igi láéláé, torí aró dúdú ni yóò fún ọ. Mo béèrè fún ìṣó méjì tó ti dípẹtà. Mo rọ ọtí díẹ̀ láti inú ìgò màmá sínú ife kan, mo rọ ti Atosin sínú èkejì. Mo ju ìṣó kọ̀ọ̀kan sí wọn, mo gbé wọn sórí fèrèsé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ṣé oògùn lo ń ṣe ni?" màmá bi mí.

"Rárá o, mà. Irin ló fẹ́ jẹ́rìí."

*

Olúlékè ló ta ìgò náà fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ṣọ́ọ̀bù ọtí rẹ̀ wà ní ojú títì Aládé. Ìsẹ́yìn ló ti wá, ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ó gbé àga fún mi kí n tó béèrè.

"Mádáàmù, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun. Oníbàárà mi ni àwọn ọmọ yẹn."

"Ọwọ́ ta lẹ ti rí ìgò náà?"

"Màmá Hannah. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Màmá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé Olúlékè wá ní Ọjọ́bọ̀ lóòótọ́. Ó ní ọkùnrin náà ní kí òun máa ṣe ogún ìgò fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí òun má dúró de igi kankan mọ́, òun sì lé e jáde.

"Ṣé ẹ wọlé?"

"Mo dúró ti àgbá gan-an."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ọkà. Ó pupa fòò, ó ń hó."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọkà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Sájẹ́ǹtì, ọmọ Òkè Ògùn ni mí. Oko ọkà bàbà ni bàbá mi fi tọ́ wa. Ṣé èmi ni ọkà yóò ṣókùnkùn sí?"

"Kí ni màmá wí?"

"Ó nawọ́ sí àgbá yẹn, ó ní, 'Olúlékè, ọkà tí mo fi ṣe tìrẹ nìyí.' Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó rọ ọtí láti inú ìgò ràgàjì, ó kọ *Ọkà* sára ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú mi."

"Ẹ lè búra sí i?"

"Ẹ gbé Bíbélì wá."

Jésùtófínmi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Olúlékè fọwọ́ sí i láìwo ẹ̀yìn. Ohun tó sọ bá ohun tí mo fi ojú ara mi rí mu: àgbá pupa, ọkà bàbà létí rẹ̀. Màmá ló sọ pé kò sí ọkà nílé. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n, ti Olúlékè ló tẹ̀wọ̀n.

Mo jáde bí ẹni tí wọ́n nà.

*

"Ẹ jẹ́ ká jẹ nǹkan, Sájẹ́ǹtì," Jésùtófínmi ní nígbà tí a dé oríta. "Ebi ń pa mí kú lọ."

Ìyá arúgbó kan jókòó sídìí ààrò lábẹ́ agboòrùn. Kò gbójú sókè.

"Ọkà mélòó lẹ fẹ́?"

Mo wo inú abọ́ rẹ̀, mo wo orí iná. Mi ò rí ọkà kankan. Àgbàdo tútù ló ń yan.

"Méjì, mà," Jésùtófínmi dáhùn, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Kí ló pè é?" mo bi í.

"Pe kí ni?"

"Ohun tó ń yan yìí."

"Ọkà. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn lẹ ń pè é lágbàdo. Èmi náà ń pè é lágbàdo níléèwé. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi, tó gbé lórí Òkè Ìdànrè kí gbogbo wọn tó sọ̀ kalẹ̀, ọkà nìkan ló mọ̀."

"Kí ló wá ń pe ọkà bàbà?"

"Bàbà."

"Bàbà lásán?"

"Bàbà lásán."

Mo dúró láàárín títì. Ọlọ́kadà kan yà fún mi, ó bú mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àárọ̀ yẹn ni mo ti ń fi etí Ìbàdàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ará Ìdànrè. Mo rí *Bàbà* lára ìgò, mo rò pé ìkòkò ni. Mo gbọ́ *ọkà* lẹ́nu màmá, mo rò pé ohun pupa inú àgbá ni. Màmá kò parọ́ fún mi rárá. Àgbàdo ló ní kò sí nílé.

"Sájẹ́ǹtì, tiyín ń tutù."

"Gbé e dání. Lọ pe Olúlékè, sọ fún un pé DPO ń kí i. Mú u wá sí ilé màmá."

*

Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí gbogbo wa pé sínú àgbàlá. Ọ̀gá Ọláfẹ́mi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé ife méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ láti orí fèrèsé.

Ti màmá ti dúdú bí íńkì. Ti Atosin wà bó ṣe wà, ìṣó rẹ̀ dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, kò tíì mọ̀ pé òun wọ inú ọtí.

"Igi àyín ló sọ èyí di dúdú, sà. Kò sí igi kankan nínú èkejì. Ṣúgà jíjó ni wọ́n fi pa á láró."

Ọ̀gá gbé ife méjèèjì sókè sí oòrùn. "Ó dára. Ṣùgbọ́n bí màmá bá ń kánjú ńkọ́? Kò ráyè fi igi sí i, ó fi ṣúgà sí i. Lọ́yà èyíkéyìí yóò sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi? Kí n fi ṣúgà jíjó sínú ọtí?" Màmá yí sí i. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ pè mí ní apànìyàn láàárọ̀, mo fara dà á. Èyí ni mi ò ní gbà."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ké sí Ọ̀gbẹ́ni Olúlékè, sà," mo ní.

Mo gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀. Ìrẹsì wà nínú ọ̀kan, hóró pupa nínú èkejì. Nínú ẹ̀kẹta ni hóró yẹ́lò tí màmá fi pamọ́ fún gbígbìn.

"Ọ̀gbẹ́ni Olúlékè, ẹ sọ pé màmá nawọ́ sí ohun kan lọ́jọ́ náà, ó ní, 'Ọkà tí mo fi ṣe tìrẹ nìyí.' Ẹ fọwọ́ kàn án fún mi."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ti ìka bọ inú abọ́ pupa. "Òun nìyí. Kí ló ṣòro níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Màmá Hannah, ẹ fọwọ́ kan ọkà."

"Irú eré wo rèé?" Màmá ráhùn, ó sì gbé ọwọ́ lé abọ́ yẹ́lò.

Olúlékè rẹ́rìn-ín. "Àgbàdo nìyẹn, Màmá!"

"Ta ló ń jẹ́ àgbàdo? Ọkà ni."

"Èyí tí ọ̀gbẹ́ni fọwọ́ kàn yẹn ńkọ́, mà?"

"Bàbà."

Mo yí sí ẹnu ọ̀nà. Aṣọ funfun ti kún ibẹ̀ bámúbámú, wọ́n ti gbàgbé agogo wọn. Mo ké sí ìyá àgbàlagbà kan nínú wọn, tó jẹ́ pé òun ló ké Àmín jù láàárọ̀ láti tako màmá. Mo bi í pé kí ló wà nínú abọ́ yẹ́lò.

Ó wo màmá, ó wo Wòlíì. Kò wù ú láti sọ ọ́. "Ọkà ni," ó ní níkẹyìn. "Kí ni ì bá tún jẹ́? Èyí pupa ni bàbà. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣeun, mà." Mo gbé ìwé tí Olúlékè fọwọ́ sí fún ọ̀gá mi. "Kò sí àgbà kan ní Ìdànrè tí yóò nawọ́ sí hóró pupa kó pè é ní ọkà, sà. Ẹni tó máa ń pè é bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti Òkè Ògùn wá. Ọ̀gbẹ́ni yìí wá síbí ní Ọjọ́bọ̀ lóòótọ́, ó sì rí àgbá pupa. Wọ́n lé e jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó ka *Ọkà* lára ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rántí àgbá pupa, ó so méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi sí màmá lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni."

"Ó lè jẹ́ pé ìwé ló ṣì lẹ̀," Olúlékè ní. Ìka rẹ̀ ṣì wà nínú abọ́.

"Ẹ búra pé ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Mo ní... bóyá mi ò gbọ́ dáadáa..."

"Nígbà Àjíǹde ló ra ìgò ọkà kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi," Màmá Hannah dá a lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó sì bani lẹ́rù ju igbe rẹ̀ lọ. "Ó ní àlejò ni òun fẹ́ fi ṣe. Olúlékè, kí lo rọ sínú ìgò mi?"

Ó yọ ìka rẹ̀ kúrò nínú abọ́. Ọ̀gá Ọláfẹ́mi ní kí ọlọ́pàá méjì mú un dání, kí àwọn yòókù sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti bá kẹ́ẹ̀gì sipíríìtì tí àwọn káfíńtà fi ń po pólíìṣì àga, àti ìkòkò kékeré tí ṣúgà jíjó gbẹ mọ́ nídìí.

"Ọtí ni ọtí," Olúlékè bú sẹ́kún. "Òórùn wọn jọra! Mo rò pé bí mo bá ti bomi là á... Mi ò mọ̀ pé ó lè pa ènìyàn."

"Dúpẹ́olúwa náà ò mọ̀," mo ní.

Nígbà tí wọ́n ń mú un jáde, àwọn aṣọ funfun là fún un. Kò sẹ́ni tó lu agogo.

*

Ọlọ́pàá olóòlù ló gbé ìkòkò bàbà padà sí orí àdògán. Màmá jẹ́ kó gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí ó fi dúró gún régé.

Ọ̀gá Ọláfẹ́mi kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ọlọ́pàá ṣe ń kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fọwọ́ sí ìwé kan pé ẹ ò ní sè é mọ́ títí ìwé àṣẹ yín yóò fi jáde."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Màmá—"

"Ọdún méjì ni mo ti ń tọrọ ìwé yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni mo fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mú mi, ọwọ́ mi rèé. Mo sì ti mọ ibi tí ọkọ̀ yín wà."

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Wọ́n ti jóná níbi púpọ̀, àpá kéékèèké, bí ọwọ́ bàbá mi. Ọ̀gá wò mí. Mo ń wo òkè.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ ṣáà fọwọ́ sí ti ìdásílẹ̀. Ìyẹn, dandan ni."

Jésùtófínmi tẹ́ ìwé náà sórí ìdérí àgbá. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò. Níwájú *Iṣẹ́*, ó kọ *Kò ní*.

Màmá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó débẹ̀, ìka rẹ̀ dúró.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà," Jésùtófínmi ní. "Mo rò pé..."

"Fún mi ní bírò."

Ó fa igi lé *Kò ní* lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ *Apọntí* sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gàdàgbà, títí ó fi yọ kúrò nínú àpótí tí wọ́n yà fún un. Ó wò ó, ó tún gbé bírò, ó sì fi àmì ohùn sí i lórí àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí i nísàlẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà.